Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ẹ̀dà Kejì àti Yíyan Hard Drive fún Ohùn Àwọn Àgbà Ìjẹ̀bú

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kan tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọjà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn ní tòótọ́: irú hard drive wo ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀ rà, láti fi ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀? Iye owó àti bí ààyè inú rẹ̀ ti pọ̀ tó ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èrò wa ni pé méjèèjì kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìtàn fi hàn pé ibi tí ẹ̀dà wà, àti bí kádàrá rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti èyí tí a ti dà á kọ, ni ó máa ń pinnu bóyá ìmọ̀ yóò kù tàbí yóò run. A óò fi àpẹẹrẹ méjì gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ kí a tó padà sí ọ̀rọ̀ ohun èlò.

2. Ìwé Samuel Johnson

Ní 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ní 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀dà tí ó lọ yẹn nìkan ni ó wà, gbogbo làálàá rẹ̀ ì bá ti bá omi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ wà nílé; àwọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ.

Ewu kò tíì tán. Ní January 1916, ìwé tí a tún kọ yìí wà nínú ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe mú un lójú òkun, a sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1918 kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ní 1921 ni ó jáde, nígbà tí Obadiah pàápàá ti kú. Ìwé yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń yẹ̀ wò fún ìtàn ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ko Ìjẹ̀bú ní 1892. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe ẹwà ẹ̀dà tí ó lọ ni ó gbà wá. Èyí tí ó jókòó sílé, bí ó tilẹ̀ rí jákujàku, ni ó gbà wá.

3. Òṣífẹ̀kúndé ní Párísì

Àpẹẹrẹ kejì jẹ́ ti Ìjẹ̀bú gan-an. Ní 1820 àwọn jàgùdà orí omi mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Òṣífẹ̀kúndé, wọ́n sì tà á sí oko ẹrú. Ó gbé Bùràsíìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dé Párísì. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Faransé kan, d'Avezac, ti jókòó tì í, tí ó sì bi í léèrè nípa ìlú, ìjọba, ẹ̀sìn àti òwò àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ó sọ jáde ní ìwé ní 1845. Ìjẹ̀bú tí ó rántí ni ti ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún ṣáájú ogun 1892.

Ẹ̀dà tí ó jìnnà sílé pátápátá ni èyí, ogun kò sì kàn án. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: èdè Faransé ni ó wà. Ó di 1967, nínú ìwé Africa Remembered tí Philip Curtin ṣe olóòtú rẹ̀, kí a tó rí i kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àlàyé P. C. Lloyd. Ẹ̀dà tí onílé kò lè ṣí kò tíì di ẹ̀dà fún un.

4. Yíyan ohun èlò

Láti inú ìtàn méjèèjì yìí ni a ti lè yan hard drive pẹ̀lú làákàyè.

(i) Iye. Ohùn wákàtí kan tí a gbà ní 48 kHz àti 24-bit, lọ́nà stereo, tó nǹkan bí 1 GB. Ẹni tí ó bá ní igba wákàtí kò nílò ju nǹkan bí 200 GB lọ. Nítorí náà, hard drive 500 GB méjì wúlò fún un ju ẹyọ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 2 TB lọ. Bí fídíò bá wọ̀ ọ́, ìwọ̀n yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n méjì ṣì ni yóò jẹ́.

(ii) Irú. Hard drive tí a mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àwo tí ń yí nínú. Bí ó bá já bọ́ níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó lè bàjẹ́ pátápátá. SSD kò ní ohun tí ń yí, ó sì lè fara da gbígbọ̀n ọkọ̀. Àmọ́ ó wọ́n jù, kò sì dára kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi iná sí i, nítorí ohun inú rẹ̀ lè ṣá. Kí SSD jẹ́ èyí tí a ń gbé lọ sí Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí alàwo jẹ́ èyí tí ń jókòó.

(iii) Ibùgbé. Èyí tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru ń bá a pín kádàrá. Iná tí ó dé pẹ̀lú agbára òjijì, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń ti fáìlì pa, olè tí ó gbé àpò: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè kó méjèèjì lọ. Kí a yọ ọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí. Kí ọ̀kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí èkejì wà ní Ìbàdàn tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa. Àwọn kan yóò sọ pé ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó. Ó dára fún ẹ̀dà kẹta, ṣùgbọ́n owó dátà àti owó ìpamọ́ ni ó gbé e ró. Ọjọ́ tí a kò bá san án mọ́, ẹ̀dà wà nínú ewu.

(iv) Ṣíṣí. Kí a ṣètò rẹ̀ sí exFAT, èyí tí Windows àti Mac jọ ń kà. Kí a kọ ìlú àti ọjọ́ sí orí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa ṣí i gbọ́ láti ìgbà dé ìgbà. Bí ọ̀rọ̀ Òṣùgbó tàbí orò ìdílé bá wà nínú ohùn, ó tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í, kí a sì fi ọ̀rọ̀ náà síkàáwọ́ ẹnì kejì tí àwọn àgbà fọwọ́ sí. Èyí tí a tì pa tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù kò sàn ju ìwé tí ó sọnù ní 1899.

5. Ìparí

Àwọn àgbà sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin ìwé Johnson àti ohùn tí à ń gbà lónìí. Johnson fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì rí nǹkan tún kọ. Àgbà tí ó bá wa sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan kò kọ nǹkan kan sílẹ̀; bí ó bá sùn, tí fáìlì sì bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún ohùn rẹ̀ ṣe. Nítorí náà ni a fi dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí má ṣe gba iṣẹ́ ìwádìí tí ó dúró lórí ohùn wọlé, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi hàn pé ẹ̀dà méjì wà ní ibi méjì, àti pé méjèèjì ṣí.