Oṣù Kẹjọ Kánò Kì Í Ṣe Oṣù Kẹjọ Ilé

Lọ́dọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún: ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, àti bí ooru ṣe máa mú tó. Púpọ̀ nínú wa kì í kà á. Àwọn tó bá sì kà á, ti Ọ̀yọ́ tàbí Kwara ni wọ́n ń wò, torí pé ibẹ̀ nilé. Ìdí tí a fi kọ ìtàn yìí nìyẹn, kí a lè rí i pé ti Kánò ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ là ń sùn, ibẹ̀ là ń jí.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò àná níbí. Kí òyìnbó tó dé làwọn èèyàn wa ti ń gbé ní Ayagi, láàárín odi ìlú Kánò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé lọ́dún 1911, ọ̀nà tó lé ní 1,000 kìlómítà láti Èkó wá di nǹkan ọjọ́ díẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń bọ̀, ará Ọ̀fà ń bọ̀, ará Ìlọrin àti Ìjẹ̀bú náà ń bọ̀. Akọ̀wé wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà, oníṣòwò aṣọ ò sì lóǹkà. Ìjọba òyìnbó wá ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti ìhà Gúúsù. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ kan náà tí àwọn ará ilé gé kúrú sí Sábó fún àdúgbò àwọn Hausa n'Ìbàdàn.

Ojú ọjọ́ ò fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kí wọn káàbọ̀. Lọ́dún 1913 òjò kò tó nílẹ̀ Hausa, ìyàn ńlá sì mú lọ́dún 1914. Àwọn baba wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí i pé òfin ibí yàtọ̀. Nílé, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn la mọ̀, tí ọyẹ́ á wà láàárín. Níbí, àwọn Hausa pín ọdún sí wẹ́wẹ́: hunturu ni ìgbà ọyẹ́, bazara ni ooru tó ń ṣáájú òjò, damina ni òjò gan-an, kaka ni ìgbà ìkórè. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ ní Kánò ní láti kọ́ ìgbà wọ̀nyí bó ṣe ń kọ́ èdè ọjà.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Atẹ́gùn méjì ló ń jà lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, ó tutù, ó rù omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sahara bọ̀, ó gbẹ, ó rù eruku. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé máa ń rìn sókè sódò bí ọdún ṣe ń yí. Atẹ́gùn omi máa ń dé Èkó ní kùtùkùtù ọdún, ṣùgbọ́n ó máa tó oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Kánò. Kó tó dé, oòrùn nìkan ló nilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ooru oṣù Kẹrin fi máa ń kọjá dígírì 40 níbí, nígbà tí ẹni tó wà ní Èkó ń jẹ̀gbádùn atẹ́gùn òkun.

Ooru yẹn kì í dá wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, máa ń jà. Atẹ́gùn gbígbẹ àti eruku á ti họ ọ̀nà ọ̀fun, a ó sì há mọ́ra nínú yàrá kan ṣoṣo, ẹni mẹ́fà, ẹni mẹ́jọ. Lọ́dún 1996 ó jà ní Nàìjíríà lọ́nà tí kò tíì jà rí. Àkọsílẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ẹni 109,580 ló mú, ẹni 11,717 ló sì pa. Kánò wà lára ibi tó ti le jù. Àwa tí a wà nílùú nígbà náà ò lè gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí òjò dé dáadáa ló tó rọlẹ̀. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac nílẹ̀ wa, ẹ̀yà A tó pa èèyàn lọ́dún náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àmọ́ ẹ má sùn o. Lọ́dún 2017, ẹ̀yà C gbòde ní Zamfara, Sokoto, Katsina àti Kebbi, ó pa ẹni tó lé ní 1,100. Bí ọmọ bá ní ibà, tí ọrùn rẹ̀ gan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi àgbo dá a dúró.

Ooru fúnra rẹ̀ náà ń pani. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ooru dé dígírì 48.5 ní ìlú Kayes lórílẹ̀-èdè Mali, tí ilẹ̀ rẹ̀ àti ti wa jọ wà lábẹ́ oòrùn kan náà. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń lọ lọ́wọ́, iná mànàmáná ò dúró. Ilé ìwòsàn Gabriel Touré ní Bamako ka òkú 102 láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ oṣù náà, ó sì lé ní ìdajì wọn tó ti kọjá ẹni 60 ọdún. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ń jókòó sábẹ́ páànù gbígbóná lọ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Lẹ́yìn ooru ni ìjì. Òjò àkọ́rọ̀ níbí kì í yọ́ wọlé. Ìlà oòrùn ló ti máa ń ṣú bọ̀, eruku á sì dìde bí ògiri pupa. Òjò tó kọ́kọ́ ń já bọ́ sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń gbẹ kó tó kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó tipa bẹ́ẹ̀ tutù á já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìdí nìyí tí ìjì fi ń ṣí páànù kí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ògiri eruku yẹn, tó ní òun á ka owó òun tán ná, ó pẹ́ jù.

Ibi tó ti ń pa wá lára jù wá nìyí. Nílé, ní Èkó, Ìjẹ̀bú dé apá Ọ̀yọ́, òjò máa ń dá díẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Ohun tó wà lọ́kàn wa látìgbà ọmọdé nìyẹn. Àwọn kan nínú wa ṣì máa ń sọ fún káfíńtà pé kó dúró dé oṣù Kẹjọ kó tó wá tún òrùlé ṣe. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí òjò ilé bá sinmi gan-an ló ń rọ̀ jù ní Kánò, torí atẹ́gùn omi ti gòkè wá bá wa. Ẹ wo àkọsílẹ̀: oṣù Kẹjọ ọdún 1988 ni ìsédò Bagauda ya, tí omi gbé ilé àti èèyàn lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni àgbàrá wọ ọjà Kantin Kwari, torí ojú ibi tí omi ń gbà ti dí, ẹrù aṣọ olówó ńlá sì bà jẹ́. Ní Maiduguri, oṣù Kẹsàn-án ni ìsédò Alau ya, lọ́dún 1994 àti lọ́dún 2024.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ti gbé wa dé o. Ó yẹ kí ojú wa ti ríran. Nítorí náà, a bẹ̀ yín:

Ẹ tún páànù ṣe, kẹ́ ẹ sì gbẹ́ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù kí oṣù Karùn-ún tó parí.

Ẹ gbé ẹrù aṣọ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi pákó tẹ́ ẹ sókè títí oṣù Kẹsàn-án á fi kọjá.

Lọ́sàn-án bazara, ẹ fún àgbà àti ọmọdé lómi kí wọ́n tó béèrè. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, kó yẹra fún oòrùn ọ̀sán. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ lálẹ́.

Bí NiMet bá gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde, ìlà Kánò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ bi aládùúgbò yín tó jẹ́ Hausa pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ wọn mọ àmì damina ju ẹ̀rọ lọ. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Kò sí ìjì tó ń béèrè èdè kó tó ṣí òrùlé.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wa ní Sokoto, Katsina àti Maiduguri. Ooru yìí á fi wá sílẹ̀ láyọ̀, òjò tó ń bọ̀ á sì jẹ́ òjò ìbùkún fún gbogbo wa. Àṣẹ.