Ilé Fernandez ní Tinúubú

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá gba Tinúubú kọjá ní Erékùṣù Èkó ṣáájú ọdún 2016 yóò ti rí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan níbẹ̀, tí òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a sì fi irin ọlọ́nà ṣe ọgbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Ilojo Bar ni à ń pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ẹfúnróyè Tinúubú, obìnrin oníṣòwò ńlá nì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede náà, ṣì wà ní Èkó nígbà náà, nítorí ọdún 1856 ni a tó lé e kúrò ní ìlú. Casa do Fernandez ni orúkọ ilé náà, èyí tí í ṣe Ilé Fernandez ní èdè Potogí. A ka àwọn onílé mọ́ àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, àti ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá sí ilé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní ọdún 1835. Wọn kò padà wá ní ọwọ́ òfo. Wọ́n mú iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti ti bíríkìlà bọ̀, àdúgbò wọn, Pópó Àgùdà, sì di ibi ìwòran.

Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni wọ́n fi ilé náà ṣe. A mọ̀ pé olùkọ́ ilé ìwé ìjọ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ọtí; ṣùgbọ́n òwò ni ó gbé ilé náà ró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé da Rocha ní òpópó Kakawa, tí à ń pè ní Ilé Omi, nítorí pé láti inú kànga rẹ̀ ni a ti ń ta omi fún ará ìlú kí omi ẹ̀rọ tó dé.

Ní ọdún 1933 Alfred Omolana Olaiya ra Ilé Fernandez. Àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, ìsọ̀ sì wà nísàlẹ̀.

Ní ọdún 1956 ni ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Oyè ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni pẹ̀lú. Ìdílé ni ó ni ilé, òfin sì ní kí wọ́n má wó o, kí wọ́n má sì yí i padà láìgba àṣẹ. Ta ni yóò wá tún òrùlé ṣe? Ògiri kò mọ̀ pé a ti kọ orúkọ òun sínú ìwé ìjọba. Òjò ń pa á bí ó ti ń pa ilé gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni owó ilẹ̀ ní Tinúubú ń gòkè lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, a wó o lulẹ̀. Àwọn kan ní ilé náà ti gbó, pé ó lè wó pa ènìyàn. Àwọn mìíràn ní òfin ni a rú. Lójú tiwa, òfin ni a rú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà ti pẹ́ ju ọjọ́ náà lọ. A fún ilé ní oyè ní ọdún 1956, a kò wá iṣẹ́ fún un. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi dúró bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀ nínú àwọn ilé Àgùdà ṣì kù ní Pópó Àgùdà. Àwọn ènìyàn ń gbé inú wọn, wọ́n sì ń ta ọjà ní ẹnu ọ̀nà wọn.