Òkè Himalaya, Òkè Ẹ̀fọ̀n

Èèyàn gbé òkèèrè níyì, ìsúnmọ́ni là ń mọ ìṣe ẹni. Ẹni tí a kì í rí lójoojúmọ́ la máa ń bẹ̀rù. Òwe náà kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ mí lógún ni àwọn òkè inú ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà.

Bí akọni inú ìwé wọ̀nyí yóò bá gba agbára awo, ẹ̀bá Himalaya ni wọ́n sábà máa ń rán an lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé Doctor Strange, tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé jáde ní 1963, ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Rárá o. James Hilton ti kọ ìtàn Shangri-La, ibi ìkọ̀kọ̀ kan láàárín òkè Tibet, ní 1933. Amazing-Man, ọmọ òrukàn tí àwọn àgbà Tibet tọ́, dé ní 1939. K'un-Lun tí Iron Fist ti kọ́ ìjà ní 1974 tilẹ̀ jẹ́ orúkọ òkè tó wà ní àríwá Tibet, tí kì í ṣe ara Himalaya. Ibi jíjìn ṣáà ni wọ́n ń wá.

Àmọ́ gígun òkè yàtọ̀ síra. Ẹnìkan ń lọ gba agbára, ẹnìkan ń lọ lò ó. Àwọn kan máa ń sọ pé orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wòlíì Joseph Ayo Babalola ti gba agbára. Ìtàn ìjọ rẹ̀, ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì, fúnra rẹ̀ kò wí bẹ́ẹ̀: ojú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni, ní 1928, lórí ẹ̀rọ tó fi ń tẹ títì fún ìjọba. Ẹ̀rọ dákẹ́, ohùn pè é. Ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà, 1930, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, kó tó fi Ẹ̀fọ̀n ṣe ibùjókòó, níbi tí wọ́n sin ín sí ní 1959. Àdúrà ló ń gbé gun òkè. Ojú títì ni ọ̀rọ̀ Strange náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìjàm̀bá ọkọ̀ ló ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀, ìwòsàn ló ń wá kiri.

Nínú àwọn òǹkọ̀wé tó rán akọni lọ sórí òkè, Fágúnwà ló wù mí jù. Nínú ìwé Ògbójú Ọdẹ rẹ̀ ti 1938, ọba ló rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó, ìwà ni Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, sì fi ọjọ́ méje kọ́ wọn.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé òwe. Fíìmù Doctor Strange ti 2016 gbé ilé olùkọ́ awo sí Kathmandu, olú ìlú Nepal, ibi tí wọ́n ti ń ta ewébẹ̀ tí wọ́n sì ń san owó orí. Ẹ̀rín ni ará ibẹ̀ á fi wò ó, bí ará Arámọkọ tó ń ná ọjà Ẹ̀fọ̀n yóò ṣe rẹ́rìn-ín bí àlejò bá bi í bóyá àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè yẹn náà máa ń jẹ iyán.