Bí Àwọn Oníṣègùn Ṣe Kọ́ Láti Rí Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀dọ̀ kì í tètè fi ìrora hàn. Láyé àtijọ́, ọwọ́ lásán ni dókítà fi ń wá jẹjẹrẹ inú rẹ̀: yóò tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún aláìsàn wò bóyá kókó wà níbẹ̀. Kí ọwọ́ tó kàn án, ikùn ti wú, ẹyinjú ti pupa rúsúrúsú, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́.

Ní 1883, Paul Ehrlich, ará Jámánì, fi abẹ́rẹ́ fa ẹran díẹ̀ jáde láti inú ẹ̀dọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà là láti yẹ ẹ̀dọ̀ wò láìla ikùn. Ní 1964, Yuri Tatarinov rí èròjà alpha-fetoprotein nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń tú u jáde. Ìdí nìyí tí dókítà òde òní fi ń gbára lé àwòrán ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Àwárí tó kàn wá jù ni ti Baruch Blumberg, ará Amẹ́ríkà, tó rí àmì kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ní 1981, ìwádìí lórí ọkùnrin 22,707 ní Taiwan fi hàn pé àwọn tó ní kòkòrò náà lára ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú jù.

Nítorí náà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹni tí dókítà bá sọ pé ó wà nínú ewu, kí ó máa fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo aboyún wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun.