Orí Wa, Òòyà Wa: Ta Ni Ó Ni Ṣọ́ọ̀bù?

 

Bí a bá wọ bọ́ọ̀sì 36 láti New Cross lọ sí Peckham ní ọjọ́ Sátidé, kí a tó rìn dé ibùdókọ̀ rélùwéè Peckham Rye ni a ó ti máa gbọ́: "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ dirun?" Orí tí wọ́n ń dì, orí wa ni. Ọwọ́ tí ń dì í, ọwọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ilé? Ta ni ó ni ìpara? Ta ni ó ni irun tí a fi ń kún un? Àwọn àgbà ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Nílé wa, onídìrí ló ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń di ṣùkú, kọ̀lẹ́sẹ̀ tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, òun ló ni òòyà àti òwú. Ìyá tí ó ń ṣe àdín tàbí òrí ló ń gbé e lọ sí ọjà. Owó irun kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa.

Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún 1948 tí ọkọ̀ Windrush dé, ó ṣòro láti rí ẹni tí ó mọ irun wọn í tọ́jú. Ní 1956, Winifred Atwell, ọmọ Trinidad tí ó gbajúmọ̀ nídìí dùùrù, ṣí ṣọ́ọ̀bù onídìrí sí Brixton. Ní 1965, àwọn ọmọ Jàmáíkà méjì, Len Dyke àti Dudley Dryden, bẹ̀rẹ̀ òwò tiwọn ní West Green Road, Tottenham. Àwo orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, kí wọ́n tó kọjú sí ohun èlò irun. Tony Wade dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1968. Wọ́n kó ọjà wọlé láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe tiwọn pẹ̀lú. Òwò wọn ni a máa ń kà sí àkọ́kọ́ ti ènìyàn dúdú ní Bírítéènì tí ó di òwò olómílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Ní 1987, Soft Sheen ti ìlú Chicago ra ilé-iṣẹ́ náà. Èèyàn dúdú, Edward Gardner àti ìyàwó rẹ̀ Bettiann, ló dá Soft Sheen sílẹ̀ ní 1964, nítorí náà ohun ìní náà kò tíì kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ní 1998, L'Oréal ti ilẹ̀ Faransé ra Soft Sheen. Bákan náà ló rí fún Johnson Products, tí George Johnson dá sílẹ̀ ní 1954: ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ IVAX ní 1993. Ẹni tí ó bá ta ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹni tí ó tẹ̀lé e ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹlòmíràn. Ní 1965, ìjọba Gúúsù Kòríà fòfin de kíkó irun tí a kò tíì ṣe lọ sí òkèèrè. Ní 1966, Amẹ́ríkà kọ wíìgì tí a fi irun ilẹ̀ Ṣáínà ṣe. Òwò wíìgì bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Kòríà, láti ilé iṣẹ́ títí dé ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ládùúgbò àwọn ènìyàn dúdú. Wọn kò jalè. Wọ́n di orísun ọjà mú ni. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí ìjọba dá kíkó hóró òrí tútù jáde dúró fún oṣù mẹ́fà. Àwọn aláṣẹ sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú 100 òrí àgbáyé tí ó ń ti ilẹ̀ wa wá, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ni a ń rí nínú owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtòsí. Nígbà tí ètò àtúnṣe iwájú ibùdókọ̀ Peckham Rye dé, àwọn onídìrí Blenheim Grove ní láti máa kó kúrò. Ní 2019, wọ́n ṣí Peckham Palms kí irú wọn lè ríbi ṣiṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ayé àyálò kì í tó ayé ẹni. Àbúrò mi obìnrin kan dirun fún ọdún mọ́kànlá lórí àga tí ó ń sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, níbòmíràn ní ìlú yìí. Ọjọ́ tí onílé ti ilẹ̀kùn, òòyà rẹ̀ àti àpò irun kan ló gbé jáde. Kò ní ìwé kankan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, a kò ṣe aláìmọ ọ̀nà. Èsúsú tí àwọn baba ńlá wa ń dá ni wọ́n kó dé Trinidad, tí wọ́n ń pè ní súsú títí di òní. Àwọn ará Jàmáíkà ní pardner tiwọn. Owó èsúsú tí a fi ń ra aṣọ ẹbí lè gba ìwé ṣọ́ọ̀bù fún onídìrí márùn-ún pa pọ̀. Kí orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé. Kí ìwé owó wà. Kí ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń dirun kọ́ bí a ṣe ń ṣírò èrè pẹ̀lú, kí ìyá rẹ̀ sì kọ ìwé ìhágún, kí òwò má bàa bá olówò kú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹni tó lórí ní fìlà. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.