Apá Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Tó Ti Gbó Kì í Ṣe Pàǹtírí

Nǹkan bí ọdún 20 sí 25 ni apá gbọọrọ tó ń yí lára ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná máa ń lò. Fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe é, bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Kò ṣeé yọ́ bí irin, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jẹrà. Wọ́n ti fi ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Szprotawa, ilẹ̀ Poland, lọ́dún 2021, àti ní Cork, ilẹ̀ Ireland, lọ́dún 2022.

Létí òkun Ìlàjẹ, pákó tí omi ń jẹ ni ọ̀pọ̀ afárá. Ẹ̀rọ 37 ni ìjọba gbé kalẹ̀ ní Rímì, Ìpínlẹ̀ Katsina. Bí wọ́n bá gbó, ẹ má rì wọ́n mọ́lẹ̀. Wọn kò lè dá òkun dúró, ṣùgbọ́n ọmọléèwé yóò rí ọ̀nà gbà.