Ásíìdì àti Béèsì Inú Omi

Lójú onímọ̀ kẹ́mísírì, omi jẹ́ ásíìdì, ó sì tún jẹ́ béèsì. Ní 1923, Johannes Brønsted ní Dẹ́nmáàkì àti Thomas Lowry ní Ìlú Ọba, láìgbìmọ̀ pọ̀, ṣàlàyé pé ohun tó bá ń yọ prótọ́ọ̀nù sílẹ̀ ni ásíìdì, èyí tó bá ń gbà á ni béèsì. Bí fínígà bá wọnú omi, omi ló ń gba prótọ́ọ̀nù. Bí amóníà bá wọ̀ ọ́, omi ló ń yọ ọ́ sílẹ̀.

Omi tí kò ní nǹkan kan nínú pàápàá kì í sinmi. Mólékù kan á yọ prótọ́ọ̀nù fún èkejì: èyí tó gbà á di H₃O⁺, èyí tó yọ ọ́ di OH⁻. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń padà sí ipò wọn. Ní 25°C, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 555 mólékù, ẹyọ kan péré ló máa ń pín báyìí lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, orí ìwọ̀nba yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ní ìwọ̀n ooru yẹn, ìwọ̀n H₃O⁺ lọ́nà ìwọ̀n OH⁻, ní móólù nínú lítà kan, jẹ́ 10⁻¹⁴, nítorí náà bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, èkejì gbọ́dọ̀ dín kù.

Søren Sørensen ló gbé pH, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe lágbára tó, kalẹ̀ ní 1909, ní yàrá ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen. Bí pH bá fi ẹyọ kan wálẹ̀, agbára ásíìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n máa ń kọ́ wa pé 7 ni agbedeméjì, àmọ́ ní 25°C nìkan ni. Bí omi bá gbóná dé 60°C, pH rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6.5, kò sì tíì di ásíìdì, torí pé H₃O⁺ àti OH⁻ jọ pọ̀ sí i lọ́gbọọgba ni. Ìdọ́gba yẹn gan-an ló yẹ ká máa wò. Omi òjò ní tirẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 5.6, nítorí káábọ̀n dàóksáídì inú afẹ́fẹ́ tó ń yòrò sínú rẹ̀.

Àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo ìhà ti béèsì nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi á sì máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Kábọ́nétì inú eérú ń gba prótọ́ọ̀nù lọ́wọ́ omi, OH⁻ á sì ṣẹ́ kù, ìdí nìyẹn tí omi náà fi máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Inú irú omi béèsì yìí ni aró inú ewé ẹ̀lú ti lè yòrò, nígbà tí ó bá ti kẹ̀ dáadáa. Aṣọ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di aró.